Irin Tí Bàbá Fi Ń Mí

Bàbá arúgbó náà ń mí déédéé, ohun tó sì ṣe ọmọ rẹ̀ ní kàyéfì nìyẹn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, èémí rẹ̀ kò lọ geere rí. Ṣe ni ó ń já, tí ó ń so. Ọmọ náà dá ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ irin dúró kí ó lè gbọ́ dáadáa. Èémí náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó tan ẹ̀rọ, èémí sì lọ geere.

Kò-Ní-Yẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ yìí, nítorí bí ó bá ti wọn irin tó sì gbẹ́ ẹ, kì í yẹ̀. Òun náà mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kí àìsàn tó dé, àwọn méjèèjì jọ ń ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, fún fàájì ara wọn. Kíráńkì nìkan ló kù, ìyẹn ọ̀pá wíwọ́ tó ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítìnì di yíyí.

Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì yìí ló máa gbé Bàbá dìde. Bí irin yìí bá ṣì ń yí, wọn ò ní kú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi," ni ìyàwó wí. "Wọ́n ti dàgbà."

"Kí ni mo gbẹ́ rí tó yẹ̀?"

Ìyàwó padà sọ́dọ̀ Bàbá ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá Kò-Ní-Yẹ̀ jiyàn, kó kọ́kọ́ jẹun yó.

Inú irin gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó ti ń gbẹ́ kíráńkì náà. Ó ti yọ àárín rẹ̀, ó ku kí ó há a sáàárín ṣóńṣó méjì ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ègé irin dí àlàfo àárín yẹn, kí ọ̀pá má baà tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá fún un pọ̀. Bàbá ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kánjú, ó sì gbàgbé. Ó fún irin náà pọ̀.

Bàbá kérora ní yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn mi," ó wí. "Ẹ̀yìn mi o, ọmọ mi."

Kò-Ní-Yẹ̀ tú irin náà wò. Ó ti tẹ̀, díẹ̀ báyìí, tí ojú lásán ò lè rí. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é. Ó ṣeé rọra nà kí ó tún tọ́. Ohun tí bàbá ì bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin tó ti tẹ̀ rí, ojú á ti Kò-Ní-Yẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Ó jù ú sínú garawa àjákù irin, ó mú irin tuntun.

Yàrá ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Bàbá ti lọ."

"Wọn ò tíì lọ. Má ké sí ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì parí."

Kò sunkún, nítorí ó dá a lójú. Ọwọ́ rẹ̀ já geere lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ju ti ìgbàkigbà lọ. Ó dí àlàfo, ó gbẹ́ ẹ, ó fi pépà oníyanrìn kùn ún títí ó fi ń dán gbinrin. Ó tò ó sínú ẹ́ńjìnnì, ó bu epo sí i, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibùsùn dún. Ẹsẹ̀ kan balẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Bàbá jáde wá, ẹ̀yìn tó ti ń tẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nà ṣánṣán. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí i, Bàbá kò tilẹ̀ wò ó.

"Bàbá, mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ máa dìde," ni Kò-Ní-Yẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá wo àwọn irinṣẹ́ tó fi jẹun láyé rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú wọn rí. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ mi?"

Ẹ̀rù tó ba Kò-Ní-Yẹ̀ kò ní orúkọ. Ó wá yé e pé bàbá tó pè é ní "ọmọ mi" kẹ́yìn kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì jù ú nù.