Ẹnu Billa

Òjò ọ̀sán tí Tummas kọ́kọ́ rí Rannvá kò pọ̀ tó èyí tó ń lé èèyàn wọlé, kò sì kéré tó èyí tí èèyàn lè gbàgbé. Ọmọbìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè abúlé Skálavík nínú kùrukùru, apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sá gbẹ fi dáná wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn apẹ̀rẹ̀ náà sì gba iwájú orí rẹ̀ kọjá. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń hun ìbọ̀sẹ̀. Kò wo ọwọ́, kò wo ọ̀nà.

Tummas wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé àwòrán lé. Òkun ló ti ń yà láti àárọ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá gbogbo ọ̀dà náà nù.

"Kí ni òkun ṣe fún ọ tí o fi ń fá a lójú?" ni Rannvá bi í.

"Kò jọ òkun ni."

"Ta ló máa wá fi wé e? Òkun fúnra rẹ̀ kò jọ ti àárọ̀ mọ́."

Tummas rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nígbà tó sì máa fi rí èsì tó dáa fún un, apẹ̀rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ ti wọ inú kùrukùru lọ.

Ayàwòrán ni, ọmọ ìlú Tórshavn. Ó ti kọ́ṣẹ́ ní ìlú Kọpẹnhágẹ̀n, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì yìn ín. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè kún ògiri yàrá kan. Ọ̀dà tútù ṣe é fá, èyí tó bá ti gbẹ di àlejò tí kò ní lọ mọ́. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀dà tó gbẹ, Tummas á dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀, á wò ó bí ọlọ́pàá ṣe ń wo olè, á sì fá ibi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibi tó sì ń tẹ́ ẹ lọ́rùn kò pọ̀. Àṣejù ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀, a sì mọ ohun tí àṣejù ń bí.

Ó yá ahéré kan létí omi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́, kò sí ibi tó ń lọ tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé Rannvá kọjá. Ó bá a ru ilẹ̀ dúdú, ó ṣubú, Rannvá sì jókòó sórí koríko, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ẹran àgùntàn tí atẹ́gùn gbẹ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé wọn, èyí tí òórùn rẹ̀ ń lé àlejò sá. Ó sì ní kí wọ́n fi kún un. Nígbà tí àwọn ẹyẹ òkun fi máa ṣí lọ, ìfẹ́ ti dé sáàárín wọn, gbogbo abúlé sì ti mọ̀.

"Ìgbà wo lo máa wá sọ fún màmá mi?" ni Rannvá bi í lọ́jọ́ kan.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwòrán kan tó dáa gan-an, ọkàn mi. Kí n má wá tọrọ ọmọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo."

"Mi ò ní kí o fi àwòrán fẹ́ mi, Tummas."

Tummas mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Rannvá náà kò tún béèrè.

Billa ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, opó ni, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nínú ilé. Nígbà tí Billa wà ní ọmọdé, àgbò kan kàn án lẹ́nu, ètè òkè ya, bí ó sì ṣe jinná, ó fà sókè lápá kan. Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí kámẹ́rà dé itòsí òun. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo láyé. Ní ìgbà ìkórè ọ̀dùnkún ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà tó bá ọkọ̀ ojú omi wá gbọ́ àyà náà, ó mi orí.

Rannvá wá bá Tummas ní ahéré. "Ya ojú màmá mi fún mi kó tó lọ," ló wí. "Mi ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ mọ́ láyé."

Billa gbà, ó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. "Kámẹ́rà máa ń jí ojú èèyàn gbé sá lọ ni," ló wí. "Èyí á tiẹ̀ jókòó bá mi mu kọfí."

Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń hun súwẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ àti funfun. Ìjókòó, aṣọ, ọwọ́ méjèèjì àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, gbogbo wọn wọ inú àwòrán ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì dúró. Ojú ló kù. Lójú náà, ẹnu ni. Tí Billa bá dákẹ́, àpá náà á fà sókè. Tó bá sọ̀rọ̀, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á di nǹkan mìíràn. Tummas á yà á, á gbé e lọ sí ahéré ní ìrọ̀lẹ́, á fá a nù. Lọ́jọ́ kejì á tún padà wá.

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ni Billa máa ń wí. "Na apá rẹ kí n wọ̀n ọ́n."

"Ṣé èmi lẹ ń hun ún fún ni, màmá?"

"Ẹni tó bá máa wà nílé yìí lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ ní aṣọ òtútù."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jimọ̀ kan, Rannvá gbé kọfí wọlé, ó yọjú wo àwòrán láti ẹ̀yìn, ó sì dúró gbagidi. "Òun nìyẹn," ló wí. "Tummas, màmá mi nìyẹn."

"Ẹnu rẹ̀ kò tíì pé."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Billa wí láti orí àga. Mímí rẹ̀ kúrú lọ́jọ́ náà. "Ó ti jọ mí tó."

"Lọ́la, màmá. Lọ́la ni máa rí i mú."

"Jọ̀ọ́," ni Rannvá wí.

Tummas fi ẹnu kò ó níwájú orí, ó gbé àwòrán náà, ó lọ. Ní ahéré, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wo ẹnu náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, kò jọ ọ́ tán. Ó mú ọ̀bẹ. Nígbà tó sì fá ẹnu tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò bá ojú mu mọ́, ó fá ìyẹn náà, títí kò fi ku nǹkan kan lójú náà.

Ikú ò dọ́jọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Billa ti lọ lójú oorun.

Rannvá wọ aṣọ dúdú wá sí ahéré. Ó fẹ́ gbé àwòrán náà sí orí pósí, kí àwọn ará abúlé tó ń bọ̀ wá dágbére fún Billa lè bá ojú rẹ̀ nílé. Tummas yí àwòrán náà sí i. Aṣọ wà níbẹ̀, ọwọ́ wà, abẹ́rẹ́ wà. Ní òkè ọrùn, ojú ibẹ̀ dà bíi tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ibo ló wà?"

"Mo fá a."

"Ìgbà wo?"

"Nírọ̀lẹ́ àná."

Rannvá wo ọwọ́ Tummas. Kò pariwo. "Ìwọ ti pa á kí ikú tó dé," ló wí. "Má wá sílé wa mọ́."

Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni Tummas dúró sí. Wọ́n kọ orin, atẹ́gùn ń gbé e lọ sójú òkun. Kò sí ẹni tó bú u, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ọ̀gìnnìtìn dé. Oòrùn á yọjú díẹ̀ lẹ́yìn òkè, á sì padà. Tummas kò fọwọ́ kan ọ̀dà. Ọkọ̀ ojú omi wá, ó lọ, kò bá a lọ. Ìbànújẹ́ ń jẹ ẹ́, ìtìjú ń jẹ ẹ́, ó sì wá mọ ohun tí kò fẹ́ mọ̀: kì í ṣe torí kí ẹnu náà lè jọ ti Billa nìkan ló ṣe ń fá a. Kí wọ́n lè sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè yà á bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí ìyìn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un, ó gba ojú ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Rannvá ni, ó ti rù. Ó na súwẹ́tà kan sí i.

"Tìrẹ ni. Apá kan ló kù nígbà tí màmá kú, mo bá a parí ẹ̀. Mi ò kí ń tọ́jú nǹkan onínǹkan."

Tummas wọ̀ ọ́. Apá òsì rọ̀, ó gbà á. Apá ọ̀tún há, ó fún un dé ìgúnpá. Èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ kan ti dúró tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

"Inú ń bí mi nígbà tí mò ń hun ún," ni Rannvá wí. "Ó jẹ́ kí ọwọ́ mi le."

"Kí ló dé tí o ò tú gbogbo ẹ̀, kí o tún un hun látìbẹ̀rẹ̀? Wọn ì bá dọ́gba."

Rannvá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. "Tí mo bá tú u, níbo ni mo ti máa rí ọwọ́ màmá mi?"

Tummas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Rannvá kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò lọ.

Nígbà tó ṣe, Tummas gbé àwòrán tí kò lójú náà síbi ìmọ́lẹ̀. "Jókòó fún mi."

"Ojú mi kọ́ ni ojú rẹ̀."

"Mo mọ̀. Máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi ni."

Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀: bí Billa ṣe ń bá àgùntàn jà, bí ó ṣe ń jí ṣúgà bù nígbà tí dókítà ní kó má jẹ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Tummas ń yà, apá ọ̀tún súwẹ́tà ń fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ojú kan ti wà lórí ọrùn náà.

Rannvá súnmọ́ ọn. Omi dà lójú rẹ̀. "Ojú rẹ̀ nìyí," ló wí. "Ẹnu yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ó ga jù lápá ibí yìí, bí ẹni ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ Tummas ti dé orí ọ̀bẹ kó tó mọ̀. Rannvá rí i. Tummas yí ọ̀bẹ náà padà, ó na èèkù rẹ̀ sí i.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Tí o bá wá béèrè ẹ̀ ńkọ́?"

"Má fún mi."

"Ìrọ̀lẹ́ wo lo máa ń fá àwòrán?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni."

"Á jẹ́ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ohun tí mò ń tọrọ nìyẹn, Rannvá. Pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo."

Rannvá wo ọ̀bẹ náà títí. Lẹ́yìn náà, ó fi í sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí àwọn ẹyẹ òkun padà dé, láìsí ijó, nítorí ọ̀fọ̀ kò tíì kúrò nílé. Àwòrán náà wà lára ògiri ilé ìdáná. Àwọn àgbà abúlé tó bá wá mu kọfí á wò ó, wọ́n á ní, "Billa nìyí, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ kọ́ nìyẹn." Rannvá á ní òun mọ̀, á sì bu kọfí fún wọn. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ náà ló fi ń fá ìdí ìkòkò. Tummas ń ya àwòrán mìíràn, kì í fi gbogbo ara dára, síbẹ̀ àwọn àwòrán náà ń jáde nílé. Apá ọ̀tún súwẹ́tà náà ṣì ń fún un nígbàkigbà tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè.