Ìyàwó Wẹ́dà Béèrè Ohun Tó Pa Ọkọ Rẹ̀

Ìyàwó wẹ́dà ìsàlẹ̀ ilé wa tún ti àgọ́ ọlọ́pàá dé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, wọ́n tún ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èmi gan-an. Inú àtìmọ́lé ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ọlọ́pàá ní ó ti ń ṣàìsàn kó tó wọlé, ìyá ọkọ sì gbà wọ́n gbọ́. Láti ìgbà náà, ìyá ò jẹ́ kó sinmi: "Ìwọ lo wo ọmọ mi níran tó fi kú!" Obìnrin yìí kàn fẹ́ mọ ohun tí dókítà tó yẹ òkú wò kọ ni.

"Kí lo kọ sí wọn?" mo bi í.

"Kíkọ kẹ̀? Mo kúnlẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo kó àwọn àgbà àdúgbò lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá wọn tiẹ̀ gbé àga fún wọn."

"Háà! Ṣé àga lẹ wá gbà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Mo ṣàlàyé fún un. Lóòótọ́, òfin gba ọlọ́pàá láyè láti fi ohun tó lè ba ìwádìí jẹ́ pa mọ́, àti orúkọ ẹni tó ta wọ́n lólobó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ìyẹn, kí wọ́n fún un ní ìyókù. Bí wọn ò bá fún un, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ká rí nǹkan gbé lọ sílé ẹjọ́.

A kọ lẹ́tà. A ò béèrè gbogbo fáìlì o, àbọ̀ dókítà nìkan ni. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì kọ ìdí. A gbé e lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ kà á, ó ní ìdí yẹn ò tó, kí wọ́n fún wa ní àbọ̀ náà.

Nígbà tí ìwé dé, wọ́n ti fi yíǹkì dúdú pa orúkọ mélòó kan rẹ́. Mo kà á fún ìyá ọkọ. Dókítà ní wọ́n lù ú ni, egungun ìhà rẹ̀ ti ṣẹ́, ìyẹn ló sì pa á.

Ìyá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó mi," ó ní, "wọ́n lu ọmọ mi pa, èmi náà wá ń fẹnu lù ọ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òfin fún yín. Ẹ kọ ọ́, ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ gan-an, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó máa rẹ̀ yín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.