Pólíìṣì Lára Bẹ́líìtì

Wọ́n ti gbé òkú obìnrin náà lọ kí Má-kánjú tó dé, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ ṣì wà nínú mọ́tò. Ó ti já sí méjì. Mọ́tò àtijọ́ ni, arẹwà mọ́tò, ó wá lọ forí sọ igi. Ọkọ obìnrin náà, tó wà á, kàn fara ha díẹ̀ ni.

Má-kánjú mí kanlẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí ti sú u pátápátá. Orúnkún ń dùn ún, oorun kò sì kún ojú rẹ̀ mọ́. Ta ni kò ní sú?

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọkọ olóògbé figbe ta: "Aránṣọ-àga yẹn, tó tún ìjókòó mọ́tò mi ṣe, ló pa á! Bẹ́líìtì tuntun ni mo ní kó fi sí i. Ògbólógbòó ló dá padà síbẹ̀!"

Aránṣọ-àga ti wà látìmọ́lé, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Tuntun dúdú ni mo fi sí i. Búráùn àtijọ́ tó ti ṣá, mo ká a, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́."

"Ta ló rí ọ?" Má-kánjú bi í.

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kì í wá jẹ́rìí ní kóòtù, ọmọ mi."

"Ìyàwó mi wà nínú oyún. Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé, mo gbé!"

Má-kánjú kọjú sí mẹkáníìkì tó tún mọ́tò náà ṣe.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì nìkan ni tèmi, sà. Wọ́n ń gbé e lọ síbi ìdíje mọ́tò àtijọ́ ni. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ le! Bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò láyé ìjelòó ni wọ́n fẹ́ bá a."

Má-kánjú ní kí wọ́n gbé aṣọ olóògbé wá. Aṣọ funfun ni. Àbàwọ́n kan dábùú àyà rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó gbé e símú: pólíìṣì bàtà. Ó fi aṣọ tútù nu bẹ́líìtì tó já. Búráùn ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ funfun bí eérú. Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán.

Ó wo ẹsẹ̀ wọn. Aránṣọ-àga wọ sílípáàsì, mẹkáníìkì wọ kánfáàsì. Bàtà búráùn ọkọ olóògbé ń dán gbinrin.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ kò ní máa fi pólíìṣì kun bẹ́líìtì gbígbó. Ẹni tó fẹ́ kí adájọ́ yìn ín ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Baba náà wolẹ̀. Ó ní, "Dúdú yẹn ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Mo ní ká sáà lọ ká bọ̀, màá dá tuntun padà síbẹ̀."

"Ẹ wá fẹ́ di ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ojú ló tì mí."

Má-kánjú ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún aránṣọ-àga. Àánú baba náà ṣe é, inú sì tún bí i. "Ṣé Màmá mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó fà á wọ̀, ó ní, 'Olówó orí mi, ṣé tuntun rèé?' Mo ní tuntun ni." Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Ló bá fẹ̀yìn tì, ó sùn lọ."