Egungun Inú Àpò Káún

"Rafiatou, bi bàbá rẹ pé níbo ló ti rí egungun yìí."

Èdè Faransé ni òyìnbó kan, onímọ̀ egungun àtijọ́, fi sọ ọ́. Egungun àgbọ̀n tó ti di òkúta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, eyín pẹlẹbẹ kún inú rẹ̀. Inú àpò káún ni Seidou, oníkáún ìlú Bantè, ti bá a. Rafiatou ọmọ rẹ̀ gbé e lọ fi han olùkọ́ rẹ̀ ní Savalou, olùkọ́ sì ránṣẹ́ pe òyìnbó. Òyìnbó ní ti ẹranko ńlá ayé àtijọ́ ni, dáínósọ̀ tó ń jẹ ewé, kò sì jọ èyíkéyìí tí wọ́n ti fún lórúkọ rí. Ṣùgbọ́n kí òun tó lè sọ ọ́ lórúkọ, àfi kí òun rí egungun rẹ̀ yòókù.

Seidou wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Oníkáún kì í sọ ibi tó ti ń rajà, kódà fún ìyàwó ilé.

"Ta ló ń wá egungun? Ọ̀nà káún mi ló ń wá! Ìfura loògùn àgbà. Sọ fún un pé Djaloukou ni."

Rafiatou mọ̀ pé aṣálẹ̀ Agadez ni káún náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bà á. "Djaloukou ni," ló wí.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó fi gbẹ́ ihò káàkiri oko iṣu Gafarou, àbúrò ìyá Rafiatou, ní Djaloukou. Wọn ò rí nǹkan kan. Àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé wúrà ni wọ́n ń wá. Gafarou fura sí àna rẹ̀. Nígbà tí Seidou àti Rafiatou dé oko, wọ́n bá a láàárín ebè tó wó, àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ta ilẹ̀ mi fún òyìnbó ni?"

Àánú Gafarou ṣe Rafiatou, ojú sì tì í. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, n ó sọ òótọ́."

Ó sọ ọ́ fún òyìnbó ní Faransé, ó sì tún un sọ fún Gafarou.

Òyìnbó gba ọ̀nà Agadez lọ. Ó rí egungun yòókù, ẹranko náà sì gba orúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun láàárín àwọn dáínósọ̀. Òyìnbó kò tilẹ̀ bojú wo káún. Seidou ti lo oògùn àgbà ní àlòjù. Òun fúnra rẹ̀ ló bá Gafarou tún ebè kọ.

Gafarou dárí jì wọ́n. Síbẹ̀, títí Rafiatou fi jáde ilé ẹ̀kọ́, bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, Gafarou á gbé e wá fún un pé kó kà á. Á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, á gbé e lọ bá Isidore, ọmọ kíláàsì Rafiatou, pé kó tún un kà fún òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà ló rán ni níṣẹ́ irọ́, ẹnu ẹni tó pa á ni wọn kì í gbà gbọ́ mọ́.