Okùn Kànga Ògúnlékè

Ẹsẹ̀ Arlette ni Martial kọ́kọ́ rí. Ọmọge náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé etí kànga, ó ń fi gbogbo agbára fa okùn, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn, eruku pupa ìlú Yoko sì ti kùn ún dé orúnkún. Martial pa ẹ̀rọ alùpùpù rẹ̀. Láti Pobè ni òǹgbẹ ti ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ọmọ yìí, ó gbàgbé ohun tó dúró tọrọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wá rí sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi lómi."

"Fófó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá fẹ́ mu omi Yoko, okùn ló máa kọ́kọ́ fà."

Martial gba okùn. Ó fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, korobá kò yọjú. Arlette bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Pobè ni yín. Ẹ̀rọ omi ti bà yín jẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bí ẹ ṣe ń fa okùn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun yẹn ló sọ fún mi."

Bí okùn ṣe ń gòkè ni kókó ń yọ lára rẹ̀. Arlette tọ́ka sí wọn. Apá tuntun tó wà lọ́wọ́ Martial, òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́gbẹlẹ̀ yìí. Èyí tó tẹ̀ lé e, aláwọ̀ búlúù, bàbá rẹ̀ ló rà á. Èyí tó so mọ́ korobá, tó dúdú, tó sì nípọn, bàbá àgbà rẹ̀ ló gé e lára táyà ọkọ̀ àtijọ́.

"Nígbà ayé bàbá àgbà, èyí nìkan tó," ló wí.

Ó tó lóòótọ́. Ẹni tó bá gbọ́njú ní Yoko mọ ìgbà náà, ìgbà tí ìyá arúgbó lè pọn omi láì mí hẹlẹ, tí omi ọ̀hún tutù débi pé ó ń ta eyín. Mò ń sọ ọ́, itọ́ ń sun lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni ilé pọ̀, kànga pọ̀, òjò ń ṣe ségesège, omi sì ń lọ sísàlẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tó kọ́lé tuntun sókè ilé Ògúnlékè, bàbá Arlette, gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kò sì sẹ́ni tó ro ibi tí ìdọ̀tí yẹn ń ṣàn sí nínú ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà Yoko ti di ọ̀nà ilé fún Martial. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ló ràn án lọ́wọ́: ó wà lára àwọn tí ilé méríì, ìjọba ìbílẹ̀, ń rán kiri láti bu omi kànga sínú ìgò, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Àjàṣẹ́. Kò sí kànga tí ó bẹ̀ wò tó ti Ògúnlékè. Arlette mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Olómi mi," ni Martial máa ń pè é. "Iṣẹ́ wo ni Bàbá máa bẹ̀ mí?"

Ọ̀wẹ̀ àna ló ń bi í. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ ńlá kan fún bàbá ìyàwó, kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Á ní kí o ro oko àgbàdo rẹ̀ láti ìhín dé Takon. Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ tó bó yìí, Fófó, n ó pẹ́ nílé bàbá mi!"

Báyìí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí èsì fi dé láti Àjàṣẹ́. Omi kànga Ògúnlékè ti bàjẹ́ pátápátá. Ìgbẹ́ ṣáláńgá ti wọ inú rẹ̀.

Àṣẹ ni pé kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun etí kànga tó bá bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bu ú mu mọ́, kí wọ́n sì dí i. Martial rántí Merveille, ọmọ ẹ̀gbọ́n Arlette, tí inú rírun gbé dé ilé ìwòsàn Pobè, tó sì ku díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó sáré lọ sí Yoko. Bàbá wà lóko. Ọmọkùnrin náà kò dúró, kò wá àgbà kan tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ó kun ọ̀dà kó tó kí onílé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Gbogbo àdúgbò ti wòran tán kí Ògúnlékè tó ti oko dé.

"Ìwọ tí mò ń fi ojú ọmọ wò!" ni bàbá kígbe. "Kànga tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́? Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi! Àlejò kì í dí kànga onílé. Máa lọ."

"Bàbá, Merveille..." ni Arlette bẹ̀rẹ̀.

"Máńgòrò ló jẹ!"

Martial lọ. Arlette kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sétí kànga, á gbé okùn lé itan, á máa fọwọ́ pa kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó fẹ́ràn ọmọ Pobè, kò sì mọ èyí tí òun máa sọnù nínú méjèèjì.

Nígbà tó yá, Martial gbé àbúrò bàbá rẹ̀ síwájú, Basile, àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ògúnlékè kò lè lé àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

"Arlette, bu omi wá fún àlejò. Omi kànga mi ni o, kì í ṣe ti kẹ́ẹ̀gì bídọ́ọ̀ tí ẹ ń lọ pọn lẹ́nu ẹ̀rọ ìkóríta." Ó yíjú sí Martial. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ilé mi, kó mu omi ilé mi."

Àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kó tó mu omi, ẹni tó sì gbé omi wá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Arlette gbé omi wá nínú igbá, ó kúnlẹ̀.

"Gbé e wá, olómi mi," ni Martial wí jẹ́jẹ́. "Má tọ́ ọ wò. Màá mu ún."

Basile wúkọ́. Arlette wo Martial, ó wo bàbá rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí Martial nìkan mu ún. Ó gbé igbá sẹ́nu.

"Má mu ún!"

Ọwọ́ Ògúnlékè ti gbá igbá náà dànù. Omi rin ilẹ̀. Bàbá dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé omi náà ti bàjẹ́. Láti ọjọ́ tí Merveille ti wá láti ilé ìwòsàn ni òun náà ti ń bu omi bídọ́ọ̀ mu ní kọ̀rọ̀.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Bí mo bá dí i, kí ló kù tí mo lè nawọ́ sí pé, iṣẹ́ bàbá mi nìyí?"

Martial dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n kí yín kí n tó gbé ọ̀dà."

Ògúnlékè nu ojú rẹ̀.

"Mo sọ ọ́ pé àlejò kì í dí kànga onílé. Ọmọ ilé ló ń dí i." Ó mí kanlẹ̀. "Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, Martial. Ọ̀wẹ̀ rẹ nìyẹn."

Wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ náà lójú gbogbo àdúgbò. Bàbá ló da ṣọ́bìrì iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sínú kànga, ó fi kí bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ṣọ́bìrì fún àna rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí kànga fi kún.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n ń di ẹrù ìyàwó, Martial rí i pé okùn táyà dúdú ni Arlette ń lò.

"Olómi mi, kò sí kànga nílé wa ní Pobè."

"Mo mọ̀." Ó na okùn náà sílẹ̀ gbọọrọ, kò gùn púpọ̀. "Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀."

Martial gba ìdí okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a so ó mọ́ ẹrù, wọ́n sì gba ọ̀nà Pobè lọ.