Oṣù Tí Ọkọ̀ Dúrótoyè Fi Ń Wúkọ́

Dúrótoyè kò tiẹ̀ kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Akpakpa, ní Cotonou, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bùjí lẹ tà fún mi lánàá àbí ìṣó? Kò ṣáná rárá."

Mo gba bùjí, púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì, mo yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ ti jẹ́ kó já bọ́, fòfó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ti pa dé."

Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí lọ́kàn.

Ọmọ Ṣakété ni bàbá mi, Àlájì Ṣẹ̀ríìfù, ohun èlò ọkọ̀ là ń tà. Onígbàgbọ́ láti Pobè ni Dúrótoyè, ó ní garáàjì kékeré kan nítòsí wa. Peugeot 504 àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti yọ gbogbo ìjókòó rẹ̀ dànù àfi ti awakọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, òun àti àwọn ọ̀dọ́ míì máa ń fi ọkọ̀ méjì méjì díje lójú ọ̀nà tààrà kan lápá Ouidah. Irinwó mítà péré ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ.

Nígbà òjò ọdún yẹn ni mo ta rọ́bà kan fún un. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni, inú kabúrétọ̀ ló ń gbé. Bí awakọ̀ bá tẹ iná, òun ló ń ta epo díẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè fò síwájú. Láti ìgbà náà ni ara ọkọ̀ rẹ̀ ò ti yá mọ́. Bó bá tẹ iná, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dákú díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀pá èéfín á wá máa yìn: pàù! pàù!

Gbogbo àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gá pàtúrọ̀ọ́n, ẹ fún un lágbo mu o!"

"Ikọ́ ife ni! Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ mi!"

Epo kpàyó ni wọ́n dá lẹ́bi, epo inú ìgò tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà. Dúrótoyè da epo táǹkì nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pààrọ̀ bùjí. Ó fọ kabúrétọ̀ títí tó fi ń dán bí ṣíbí. Rọ́bà yẹn nìkan ni kò fura sí, torí pé tuntun ni, àti torí pé èmi ni mo tà á fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan dá irú rọ́bà yẹn padà fún mi, ó ní ó ti là. Mo tú páálí, mo tẹ èyí tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gan sórí pẹpẹ, gbogbo wọn ló ń là níbi tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Mo dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Mi ò sọ fún bàbá mi. Mi ò sọ fún Dúrótoyè.

Ẹ̀rù orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ń bà mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá. Bí ara ọkọ̀ bá ti yá, kí ni yóò tún máa wá rà?

"Jàmíátù mi," ó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "bí mo bá ti rí ojú rẹ, mo máa ń gbàgbé pé òpònú mẹ́káníìkì ni mí."

"Ta ló pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ̀ náà ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe rín ẹ̀rín yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó wọlé wá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Mo ti lọ tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní Onígbàgbọ́ tí mo jẹ́ ò dùn mọ́ àwọn nínú, ṣùgbọ́n àwọn á fara dà á. Ohun tí àwọn ò lè fara dà ni mẹ́káníìkì tí kò lè wo ọkọ̀ ara rẹ̀ sàn. Wọ́n ní bí ọkọ̀ náà bá sáré dé òpin lọ́jọ́ Àìkú láìwúkọ́, kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ò gbọdọ̀ yà síbí mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra rọ́bà gidi kan ní ọjà Ganhi, mo gbé e lọ sí garáàjì.

"Dán èyí wò."

Ó tú kabúrétọ̀, ó yọ ti àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín rẹ̀.

"Nígbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. "Ọ̀sẹ̀ kejì."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ní kí n fún un lágbo. O bá wọn rẹ́rìn-ín."

"Torí kí o lè máa wá ni, Dúrótoyè."

"Ǹ bá máa wá. Kí lo rò pé mò ń wá rà?" Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bùjí ló kún ibẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn, kò tú ọ̀kan nínú bébà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ náà lọ geere, kò yìn lẹ́ẹ̀kan. Òun ló jẹ. Bàbá mi sọ fìlà sókè: "Ọmọ yìí mọṣẹ́!" Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó dè é.

Dúrótoyè wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá, ẹ ṣé. Oore ńlá lẹ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè fẹ́ Jàmíátù mọ́."

"Kí ló dé? Kí ni ọmọ mi ṣe?"

Ó wò mí. Ó dúró dè mí, mo mọ̀ pé ó ń dúró dè mí. Mo tẹrí ba, mo ń ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá," ló sọ níkẹyìn. "Èmi ni."

Ó dìde, ó bọ́ síta.

Libreville, ní Gabon, ni mo wà láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo lọ́kọ níbẹ̀, mo sì sin ín síbẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá pe Cotonou, bàbá mi á mẹ́nu ba ọmọ Pobè aláìmoore tó dójú ti òun nínú ilé òun. Mi ò sọ òótọ́ fún wọn rí.

Nígbà tí mo pè wọ́n kẹ́yìn, ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Jàmíátù, ọmọkùnrin tó fìyà jẹ ọ́ yẹn, Ọlọ́run á bi í léèrè."

Mo ní, "Àmín, Bàbá."