Ó Wá Síwájú Mi

Ọkùnrin tí Lọ́yà Kíákíá kọ́kọ́ pa kò fi ìdí kan àga ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Ẹnì kejì náà kò débẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò débẹ̀. Ìwé wọn nìkan ló wá, nínú báàgì dúdú kan tí obìnrin kan há sábẹ́ abíyá.

Nótárì ni Lọ́yà Kíákíá. Iṣẹ́ náà kò le, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí o bá fẹ́ ta ilẹ̀, tàbí o fẹ́ fún ẹnìkan láṣẹ kó máa ṣojú rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé ìwé rẹ wá. Nótárì á wo ojú rẹ, á wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ, á tún wo ojú rẹ. Á bi ọ́ bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà yé ọ, bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú ọ. Ìgbà náà lo tó máa fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀: “Ẹni yìí wá síwájú mi lónìí. Mo dá a mọ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí i, láìsí ipá.” Yóò ki ìwé bọ ẹnu irin òǹtẹ̀, yóò tẹ irin náà mọ́lẹ̀, ojú ìwé á sì wú róbótó, débi pé bí afọ́jú bá fọwọ́ pa á, yóò mọ̀ pé òǹtẹ̀ wà níbẹ̀.

Nótárì kò jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé jóòótọ́. Ìyẹn ò kàn án. Ẹ̀rí tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó wá, mo rí i.

Ẹyọ kan náà ni Lọ́yà Kíákíá ń fò.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan. Màmá Ìgbín ni àwọn oníbàárà ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé tíì ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á tutù kó tó ka ìwé dé ìdajì. Ọmọkùnrin náà fi í sílẹ̀, ó gba yàrá kan sókè níbòmíràn, ó sì sọ fún ayé pé kí wọ́n kàn ju ìwé sílẹ̀, kí wọ́n padà wá gbà á. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ra mọ́tò, mọ́tò ló sì wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni Ìyá Elégbòogi, obìnrin tó ni báàgì dúdú náà, wọlé tọ̀ ọ́. Aṣọ rẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ pé, ara rẹ̀ ń rùn bí ewé tútù àti ẹja.

“Wọ́n ní ẹ yá.”

“Mo yá ju bí ẹ ṣe gbọ́ lọ, mà.”

“Ẹ ò ní í béèrè ẹni tó ni ìwé?”

“Nótárì tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ebi ló ń pa á.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ dáadáa.”

Ó ti ká ìwé náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Lọ́yà Kíákíá kò ṣí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbùn! Obìnrin náà gbé àpò owó lé tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó padà wá. Ó ń padà wá ṣáá. Kó tó pẹ́, Lọ́yà Kíákíá ti gun mọ́tò tirẹ̀, ó ti fi ẹ̀rọ atútù sí ọ́fíìsì. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá tó yẹ kí nótárì máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wá síwájú rẹ̀ sí wà lórí pẹpẹ, ewé rẹ̀ funfun báláú.

Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gba àga mọ́. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń lọ sójú fèrèsé. Ìgbàkígbà tó bá tẹ irin òǹtẹ̀ fún Ìyá Elégbòogi, ó máa ń gbọ́ ìró kan lọ́nà jíjìn, bí ìgbà tí ajá ń lá àwo. Ó ní ẹ̀rọ atútù ni. Ó pa á. Ìró náà kò dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin já wọlé láìkanlẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì ni, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Òun ló tọ́ ọ dàgbà. Òun àti ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà, ni wọ́n jọ san owó ilé ìwé rẹ̀.

“Dìde.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó—”

“Ṣé mo jọ ẹni tó wá jókòó? Bàbá Ìbejì ń yọ́ lọ lójú mi. Dìde!”

“Ẹ jẹ́ n wọ bàtà.”

“Wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà!”

Awakọ̀ náà kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, gíláàsì á gbọ̀n. Báyìí, ó ká kò bí ọmọdé.

“Fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ó gbé àtàǹpàkò lé e, fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní fóònù ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ẹ fi ọwọ́ yín hàn án.”

Orí ìka rẹ̀ ń dán bí èèpo ẹyin. Kò sí ìlà kan níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń dán. Ìpéǹpéjú ti lọ. Etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì ti kéré bí ẹnu àpò tí wọ́n ń fa okùn rẹ̀.

“Àbúrò,” ni ó wí, ohùn náà ń gba ihò kékeré yẹn jáde, “nǹkan kan ń lá mi.”

“Ẹ ní kí ni, Bọ̀dá?”

“Ó ń lá mi. Mi ò rí i. Ibi tó bá ti lá, kì í bọ̀ sípò mọ́.”

Lọ́yà Kíákíá fa apá aṣọ rẹ̀ sókè láti wo ìyókù. Ní ẹ̀yìn ọwọ́ awakọ̀ náà, awọ ara wú róbótó. Ó fọwọ́ pa á. Lẹ́tà wà nínú róbótó náà. Kò nílò ojú láti kà á. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa, lára ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó sáré jáde, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Elégbòogi.

Ìyá Elégbòogi ń lo yàrá yìnyín kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń kó ẹja sí. Ìlẹ̀kùn irin, ògiri nínípọn. Oòrùn mú janjan níta, àmọ́ bó ṣe wọlé, òkùnkùn bò ó bí ẹni tí wọ́n fi àpò bò lórí. Òtútù gún un lẹ́yìn ọrùn. Ilẹ̀ ń yọ̀.

“Mo ti ń retí rẹ,” ni ohùn obìnrin náà wí. Kò pè é ní “ẹ” mọ́.

“Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò wá sọ́dọ̀ rẹ! Kò fọwọ́ sí nǹkan kan!”

“Mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ní tírélà ló fọwọ́ sí i fún un. Ó fẹ́ lówó. Ta ni kò fẹ́? Ìwé náà ní ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ fi ìyókù ayé rẹ̀ tọrẹ. Ìwọ lo sọ pé ó wá.”

“Mi ò ka ìwé náà!”

“Mo fẹ́ràn rẹ fún ìyẹn.”

Ó tan iná kékeré kan. Ihò kan wà ní àárín ilẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹnu agbada. Ó gbé ìwé mìíràn sí etí ihò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

“Ohun tí a bá gbé fún ahọ́n, ahọ́n kì í kọ̀ ọ́.
Ọ̀fun kì í bi ẹnu ní ibi tí oúnjẹ ti wá.
Ẹni a pè tó jẹ́, tiwa ni.
Ẹni a jẹ́rìí pé ó wá, tiwa ni.
Wá jẹ. Wá jẹ. Wá jẹ.”

Ahọ́n jáde wá. Kò sí orí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ojú. Ahọ́n funfun, fífẹ̀ bí aṣọ ìnura, ó ń wọ́ lórí ìwé náà, ó ń wá nǹkan. Ó dé orí òǹtẹ̀. Ó dúró. Ó lá róbótó náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ká ìwé náà mì, gbùùn, sínú ihò.

“Tẹ́lẹ̀, kò rí báyìí,” ni Ìyá Elégbòogi wí. “Àwọn èèyàn ń fi irọ́ tàn án. Wọ́n á gbé ọ̀mùtí wá, wọ́n á ní ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó bínú, ó jẹ àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ṣáájú mi. Láti ìgbà náà, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, àfi ẹni kẹta tí kò sí nínú ọ̀rọ̀, tó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò mọ̀wé. Òǹtẹ̀ rẹ ló mọ̀.”

“Pa tiẹ̀ rẹ́! Pa ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́!”

“Òǹtẹ̀ ṣe é pa rẹ́? Ìwọ tó o jẹ́ lọ́yà lo ń bi mí?”

Kò ṣe é pa rẹ́. Ó mọ̀. Èyí tó ṣe é ṣe ni pé kí nótárì náà búra pé ẹ̀rí tòun kì í ṣe òótọ́. Kò sì lè tẹ òǹtẹ̀ sí ìbúra ara rẹ̀. Ó ní láti dúró níwájú nótárì mìíràn, bí gbogbo ayé.

Ìyá Elégbòogi rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

“Ọmọ dáadáa, gbọ́. Bó o bá jẹ́wọ́ irọ́ kan fún un, kò ní í wá mi. Òun ò mọ̀ mí. Ìwọ ló mọ̀. Yóò wá bi ọ́ léèrè àwọn irọ́ yòókù. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Jẹ́ kó lọ. N ó kọ́ ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Ahọ́n náà yí padà. Ó rọra wọ́ wá, ó kan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tutù, ó ní ẹ̀gún kéékèèké. Ó lá orí ìka rẹ̀ bí ẹni tó mọ ọwọ́ tó ń bọ́ ọ. Lọ́yà Kíákíá ké, ó já ara rẹ̀ gbà, ó fi ejìká lu ìlẹ̀kùn irin, ó bọ́ sínú oòrùn.

Màmá Ìgbín ń mu tíì nígbà tí Lọ́yà Kíákíá sáré gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ wọlé.

“Ọ̀gá, ẹ gbà mí! Ẹ tẹ òǹtẹ̀ fún mi!”

“Jókòó.”

“Kò sáyè, mà!”

“Ìwé tí kò sáyè fún, kò sáyè fún un lọ́dọ̀ mi. Kọ ohun tí o fẹ́ búra lé lórí.”

Ó kọ ọ́. Ó tẹ bírò débi pé ó ya bébà àkọ́kọ́. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀: “Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ dí! Mò ń fi ìka ṣí i! Kí lò ń ṣe?”

“Káàdì ìdánimọ̀ rẹ,” ni Màmá Ìgbín wí.

“Ọ̀gá! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́!”

“Káàdì.”

Ó jù ú fún un. Ìyá náà wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo káàdì. Ó ka ìwé náà sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn: pé awakọ̀ náà, tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé, kò wá síwájú òun rí, pé òun kò rí i kó fọwọ́ sí nǹkan kan, pé ẹ̀rí tí òun fi òǹtẹ̀ òun jẹ́, irọ́ ni.

Nínú fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún. “Kò mí mọ́. Àbúrò mi, kò mí mọ́!”

“Ṣé ó yé ọ?”

“Ó yé mi!”

“Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú ọ?”

Ó la ẹnu. Nǹkan kan ń ta á lórí ìka. Ó wò ó. Ìlà orí àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, bí ìlà orí iyanrìn tí omi dé bá.

“Rárá, mà. Kò sí ẹni tó fipá mú mi.”

“Ó yá, fọwọ́ sí i.”

Ó fọwọ́ sí i. Ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà mélòó kan péré ló jáde. Màmá Ìgbín wò wọ́n dáadáa, ó mi orí, ó fa irin òǹtẹ̀ mọ́ra.

Gbùn.

Ariwo ńlá kan bú jáde nínú fóònù. Ọkùnrin kan ń fa èémí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Lẹ́yìn náà ni ohùn awakọ̀ náà bú jáde, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ń pe omi, gíláàsì tábìlì sì gbọ̀n. “Ẹnu rẹ̀ ti ṣí!” ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo. “Ẹnu rẹ̀ ti ṣí, ọmọ ìyá mi!”

Lọ́yà Kíákíá gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dán dé ọrùn ọwọ́. Kò bìkítà.

Nísàlẹ̀, ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, nǹkan tútù kan wọ́ kọjá lórí ilẹ̀. Fọ̀ọ́rọ́. Ó gun ìpele kan.

Màmá Ìgbín gbọ́ ọ. Ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ó fi ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rántí, ó yára. Ó fa bébà tuntun jáde, ó tì í sí i níwájú.

“Àwọn mìíràn wà?”

“Wọ́n wà, mà.”

“Èyí tí a ṣe yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló yọ. Ìbúra kan fún ẹnìkan. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Orúkọ ẹni tó kàn?”

Ó mú bírò. Ó rántí báàgì dúdú. Ó rántí bí wọ́n ṣe ká ìwé náà, àti ìró irin. Ó wá ojú kan lọ́kàn rẹ̀, kò sí. Ó wá orúkọ kan ṣoṣo, ó wá a dé ìsàlẹ̀ orí rẹ̀.

“Orúkọ, ọmọ mi. Mi ò lè tẹ òǹtẹ̀ sórí àlàfo.”

“Ọ̀gá,” ni ó wí, ètè rẹ̀ sì ti ń fún mọ́ra, “mi ò ka ọ̀kankan rí.”

Lórí àtẹ̀gùn, nǹkan tó ń wọ́ bọ̀ náà dúró. Òun náà ń retí orúkọ.